Hítà púùlù kì í pa kòkòrò: ìdáhùn fún Bàbá Ìbejì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. À ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Olúyọ̀lé, wọ́n ti gbẹ́ ihò púùlù, bíríkìlà sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ. Mítà 10 ni gígùn rẹ̀, mítà 4 ni ìbú. Ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ fún wa ní ká fi hítà sí i. Ó ní omi gbígbóná á pa gbogbo kòkòrò àrùn inú rẹ̀, a ò ní ra chlorine mọ́, owó hítà á sì tipa bẹ́ẹ̀ padà wọlé. Ó ní á tún wo làkúrègbé tó ń yọ màmá wa lẹ́nu. Ṣé ká rà á? Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ni ẹni karùn-ún tó máa bi mí ní ìbéèrè yìí láàárín oṣù méjì, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo yín ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́jà. Ẹ rò pé hítà lẹ ń béèrè, àmọ́ chlorine gan-an lẹ ń béèrè, bóyá ẹ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ò lè bọ́ o.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìdáná. Ọbẹ̀ tí ẹ gbé kaná títí ó fi hó, ó lè rí ọ̀la. Èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí wọ́n gbàgbé sórí sítóòfù mọ́jú ńkọ́? Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kan, ó ti ń yọ ìfófòó. Àwọn ìyá tó ń ṣe ògì náà mọ̀ pé ògì máa ń tètè kan nígbà ooru ju ìgbà ọyẹ́ lọ. Bí kòkòrò inú púùlù ṣe rí náà nìyẹn. Omi tó máa pa wọ́n kíákíá gbọ́dọ̀ tó dígírì 60 sókè, ẹni tó bá sì bọ́ sínú omi dígírì 60, awọ ara rẹ̀ á bó ni. Púùlù tí wọ́n ń mú gbóná kì í sábà ju 28 sí 32 lọ. Ibẹ̀ gan-an ló tu kòkòrò lára. Èyí tí àwọn dókítà ń pè ní Legionella, tó ń fa irú òtútù àyà kan tó le, láàárín 20 sí 45 ló ti ń gbilẹ̀. Èèyàn máa ń fà á símú látinú omi tó ń fọ́n ká bí ìrì, irú èyí tó ń jáde lára jakúsì àti omi tó ń tú sókè fún ẹwà. Òmíràn wà tó ń jẹ́ Pseudomonas, òun ló sábà máa ń wà nídìí etí tó ń dun ọmọ lẹ́yìn tó bá lúwẹ̀ẹ́ tán. Lórí gbogbo rẹ̀, omi tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń jẹ chlorine ju omi tútù lọ. Hítà tí wọ́n ní á gbà yín lọ́wọ́ chlorine, ńṣe ló máa mú kí ẹ rà á sí i.

Mo rí i fúnra mi. Nígbà ọyẹ́ kan, wọ́n pè mí sí ilé kan ní Jẹ́ríkò. Omi náà mọ́ lójú débi pé ẹ lè ka táìlì ìsàlẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Mo kúnlẹ̀, mo fi àtàǹpàkò ra táìlì tó wà lábẹ́ omi, ó ń yọ̀ bí ewédú. Mo fi èékánná ha á, ohun kan bí ikun tẹ̀lé e jáde. Mo ti bébà ìdánwò bọ omi, ibi tó yẹ kó pa àwọ̀ dà fún chlorine, kò yí padà rárá. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn ò ti da nǹkan kan sí i, nítorí ẹni tó ta hítà fún wọn ní kò pọn dandan mọ́. Méjì nínú àwọn ọmọ ilé ń fi òwú dí etí. Abẹ́ ikun yẹn ni kòkòrò ń sá sí, chlorine kì í tètè dé ibẹ̀, nítorí náà a ní láti fa omi dànù, ká fi búrọ́ọ̀ṣì fọ gbogbo ara rẹ̀ kí a tó rọ omi tuntun. Owó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta yẹn ju owó chlorine wọn fún ọdún kan lọ.

Torí náà, hítà ni o, kò sí hítà ni o, chlorine gbọ́dọ̀ wà láàárín mílígíráàmù 1 sí 3 nínú lítà kan, kí pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan sí, wà láàárín 7.2 sí 7.8. Bébà ìdánwò ò wọ́n. Tí púùlù bá sì ń ta yín nímú, ẹ má rò pé chlorine ti pọ̀ jù. Òórùn yẹn sábà máa ń jẹ́ ti chlorine tó ti pò mọ́ òógùn àti ìtọ̀ tí agbára rẹ̀ ti tán.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Tí ìjìnlẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ mítà kan àti ìlàrin, lítà 50,000 lẹ máa rọ sí i. Kí omi yẹn tó fi dígírì kan ṣoṣo gbóná sí i, ó máa jẹ nǹkan bí yúnìtì iná 58. Dígírì mẹ́rin jẹ́ 232. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni owó iná Band A, ti àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí lóòjọ́, ti kọjá 200 náírà fún yúnìtì kan. Ẹ fi 210 ṣírò rẹ̀, ó lé ní 48,000 náírà, ẹ ò sì tíì lúwẹ̀ẹ́. Heat pump sàn jù ú lọ dáadáa. Bíi fíríìjì tí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sí omi ló rí: ooru inú afẹ́fẹ́ ló ń kó wọ inú omi, kì í fi iná dá ooru sílẹ̀, nítorí náà ó lè ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí ìdá kan nínú márùn-ún iná yẹn. Ṣùgbọ́n òun alára wọ́n láti rà.

Ohun tí wọn ò sọ fún yín ni pé ojú omi ni ooru ń bá sá lọ. Tí omi yín bá fi mílímítà márùn-ún dínkù lóòjọ́, èyí tí kò ṣòro nígbà ọyẹ́, lítà 200 ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Lítà kọ̀ọ̀kan tó bá lọ ń kó ooru tó lè mú kí lítà 580 tutù ní dígírì kan. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí yúnìtì 135 lóòjọ́. Ìbòrí onírọ́bà tó léfòó lójú omi máa dá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dúró, kò sì ní jẹ́ kí ẹ máa pe tánkà omi nígbà gbogbo. Hítà láìsí ìbòrí, agbọ̀n lẹ fi ń pọnmi.

Ní ti màmá, èmi kì í ṣe dókítà. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń tu oríkèé lára, àmọ́ kì í wo làkúrègbé. Ẹ mú wọn lọ bá àwọn fisiotẹ́rápì ní UCH kọ́kọ́, pàápàá tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn bá wà ńbẹ̀. Omi tí wọ́n ń lò fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ máa ń tó 33 sókè, lítà 50,000 sì ti pọ̀ jù láti gbé dé ibẹ̀ nítorí ènìyàn kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki rọ́ǹdù tí wọ́n fi ń se omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì bọ inú púùlù yín. Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Iná inú omi ń pa èèyàn. Ohunkóhun tí ẹ bá gbé síbẹ̀, kí oníná tó mọṣẹ́ ló so ó, kó ní ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tó wọlẹ̀, kó sì ní búrékà tó ń já fúnra rẹ̀ tí iná bá fẹ́ jò.

Ìmọ̀ràn mi: ẹ má ra hítà lọ́dún yìí. Ẹ ra ìbòrí. Ẹ ra tẹmómítà, kí ẹ máa kọ ohun tó bá sọ láago méje àárọ̀ àti mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ látoṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì. Omi tí World Aquatics, àjọ tó ń darí ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ lágbàáyé, fi ń ṣe ìdíje, dígírì 25 sí 28 ni. Tí tiyín bá wà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí àwọn ìbejì ò sì gbọ̀n, kí lẹ tún fẹ́ fi hítà ṣe? Tí ó bá ń lọ sísàlẹ̀ gan-an, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo páìpù dúdú lórí òrùlé. Ẹ̀yin náà mọ bí omi tánkì dúdú ṣe máa ń gbóná láago méjì ọ̀sán, oòrùn ò sì ń gbowó.

Ṣùgbọ́n ẹ pe bíríkìlà yẹn lónìí. Kó má tíì rẹ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ ilé pọ́ǹpù. Kí púlọ́ńbà fi ẹnu páìpù méjì sílẹ̀ níbẹ̀, bóyá ẹ máa fẹ́ so hítà mọ́ ọn lọ́jọ́ iwájú, kó dé wọn, kí oníná náà ri páìpù wáyà rẹ̀ mọ́ ọn. Mo ti fọ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀ rí lẹ́yìn tí wọ́n ti lẹ táìlì sí i tán, onílé ò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.