Ìdí tí àtúnlò ìdọ̀tí fi dúró sójú kan ní England

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀ ní London, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń pariwo pé àtúnlò kò lọ sókè, ẹ wá ń rò pé ṣe ni wọ́n ń kó gbogbo ẹ̀ lọ sun. Mo ti ṣiṣẹ́ nídìí bẹ́líìtì tí wọ́n ti ń ṣa ìdọ̀tí rí, ibi bíìnì ilé fúláàtì kan ni mò ń mójú tó báyìí. Ohun tójú mi rí ni màá sọ.

Wọn kì í sun gbogbo ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá jù sínú bíìnì lásán niná ń jẹ: nínú gbogbo ohun táwọn káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ń kó ní England, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó ń lọ síbi tí wọ́n ti ń sun ún fi pèsè iná mànàmáná. Páálí tó gbẹ, agolo, ike mílíìkì, ìyẹn máa ń rí olùrà. Àmọ́ kí ẹnì kan di páńpásì ọmọ sínú ọ̀rá dúdú, kó sọ ọ́ sínú bíìnì páálí, kí ọ̀rá yẹn wá bẹ́ nínú mọ́tò tó ń tẹ ìdọ̀tí pọ̀. Gbogbo páálí tó yí i ká ti lọ nìyẹn, òun náà di ti iná. Mo ti bá ike jọ̀lọ́ọ̀fù pàdé lórí bẹ́líìtì, ìrẹsì ṣì kún ìdajì ẹ̀. Òórùn ata ẹ̀ nìkan ti sọ fún mi pé ará ilé ni.

Ká wá sọ ti ìṣirò. Ní 2001, nǹkan bí ìdá 11 nínú 100 ìdọ̀tí ilé ni England ń tún lò. Ní 2011, ó ti di 43. Ní 2023, 44. Ọdún méjìlá, ìdá kan péré! Wọ́n sì ti ṣèlérí 50 fún 2020. Owó orí tí ìjọba gbé lé ìdọ̀tí tí wọ́n bá lọ sin láti 1996 ló lé àwọn káńsù sídìí àtúnlò, ohun tó wúwo tó sì rọrùn ni wọ́n kọ́kọ́ mú: ìwé ìròyìn, ìgò, koríko ọgbà. Ta ló tún ń ra ìwé ìròyìn báyìí? Ike omi gan-an ti fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó ṣe wúwo tó ni wọ́n sì fi ń ṣírò. Ní 2018 àti 2022 tí oòrùn mú gidi, koríko kò hù dáadáa, ìdá náà já wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó ya ọ̀lẹ lọ́dún méjèèjì yẹn.

Fúláàtì wá ni ìṣòro ńlá. Àtúnlò káńsù South Oxfordshire, níbi tí ilé ti ní ọgbà, ti kọjá ìdá 60. Ti Tower Hamlets ní London, tó kún fún fúláàtì, kò tó 25. Àwọn kan á ní àjèjì ni ò mọ̀ ọ́n ṣe. Irọ́ ni, ẹ jọ̀ọ́. Níbi tí mò ń bójú tó, ihò tí wọ́n ń ju ìdọ̀tí sí wà lẹ́nu ọ̀nà ní àjà kọ̀ọ̀kan, àmọ́ bíìnì àtúnlò wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Ìyá tó gbọ́mọ pọ̀n ní àjà kẹjọ, tí lífítì tún bàjẹ́, ibo lẹ rò pó máa jù ú sí? Mo bá àwọn tó ni ilé fa ọ̀rọ̀ yẹn títí wọ́n fi gbé bíìnì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn àbájáde, tí wọ́n sì fún ilé kọ̀ọ̀kan ní báàgì tó ṣeé fà lọ́wọ́. Páálí bẹ̀rẹ̀ sí í kún, láìsí pé a wàásù fẹ́nikẹ́ni.

Ìdọ̀tí oúnjẹ ló kù. Ẹ wo Wales: òfin fún káńsù kọ̀ọ̀kan ní iye tó gbọ́dọ̀ dé, èyí tí kò bá dé e lè sanwó ìtanràn. Wọ́n ń kó ìdọ̀tí oúnjẹ lọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àtúnlò wọn sì ti kọjá ìdá 66. Òfin ti ní kí England náà máa kó o lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti 31 March 2026. Ibi tọ́rọ̀ kàn wá gan-an nìyí, torí èèpo iṣu kan wúwo ju ogún ike omi òfìfo lọ. Tí wọ́n bá gbé bíìnì kékeré yẹn fún yín, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, egungun, ọbẹ̀ tó kan, gbogbo ẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ má da òróró dídín sí i. Ẹ tẹ́ ìwé sísàlẹ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa dé e pa, ìdin ò ní yọ yín lẹ́nu.