Kí ni -250 àti +200 ń sọ lórí ìjà MMA?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Bọ́ọ̀lù ni mo máa ń ta tẹ́tẹ́ lé, odds rẹ̀, ìyẹn iye tí ilé tẹ́tẹ́ fi ń ṣírò owó tí ẹni bá jẹ yóò gbà, kò sì ṣòro fún mi. Nígbà tí mo ṣí ìjà MMA (ìjà tí wọ́n ti ń lo ẹ̀ṣẹ́, ẹsẹ̀ àti ìjàkadì pọ̀) lórí ìkànnì àwọn ará Amẹ́ríkà, mo rí -250 níwájú orúkọ oníjà kan, +200 níwájú èkejì. Ṣé ẹni tí ó ní àmì ìyọkúrò ni wọ́n ń sọ pé yóò fìdí rẹmi?

Ìdáhùn: Rárá o, òdìkejì rẹ̀ ni. Ẹni tí àmì ìyọkúrò wà níwájú rẹ̀ ni ilé tẹ́tẹ́ fọkàn sí pé yóò borí. -250 túmọ̀ sí pé ẹ ní láti fi dọ́là 250 sílẹ̀ kí ẹ tó lè jèrè 100. +200 túmọ̀ sí pé 100 tí ẹ bá fi sílẹ̀ yóò mú èrè 200 wá. Ní irú odds tí ẹ ti mọ̀ lórí bọ́ọ̀lù, 1.40 àti 3.00 ni wọ́n. Bí ẹ bá fi ₦1,000 lé 1.40 tí ó sì wọlé, ₦1,400 ni ẹ ó gbà, ṣùgbọ́n owó yín wà nínú rẹ̀, nítorí náà ₦400 péré ni èrè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dé ni èyí: ẹ fi 1.40 pín 1, ẹ ó rí ìdá 71.4 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn àyè tí odds náà fún oníjà náà láti borí. Ẹ fi 3.00 pín 1, ẹ ó rí 33.3. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 104.7, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ kò lè ju ọgọ́rùn-ún lọ. 4.7 tí ó lé yẹn ni ilé tẹ́tẹ́ fi ń jẹun, ẹni yòówù tí ì báà borí. Kí 1.40 tó lè pé yín, ó gbọ́dọ̀ dá yín lójú pé bí àwọn méjèèjì bá jà nígbà mẹ́wàá, oníjà yín yóò borí ju ìgbà méje lọ.

Ìgbà yòókù ńkọ́? Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ní Sydney, odds gbè sẹ́yìn Israel Adesanya, oníjà MMA tí wọ́n bí ní Èkó tí ó di bẹ́líìtì mú nígbà náà, gan-an. Sean Strickland, alátakò rẹ̀, gbé e ṣánlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́ ní abala kìíní, àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbé bẹ́líìtì fún Strickland. Odds kò parọ́ lọ́jọ́ náà. Àyè ìpàdánù ti wà nínú iye náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àwa tí a jí ní ìdájí láti wò ó ni a kò kà á.

Ẹ tún ṣọ́ra fún “Over 2.5”: níbí, kì í ṣe góòlù ni wọ́n ń kà bí ti bọ́ọ̀lù, abala ìjà ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni abala kan, nítorí náà ìjà gbọ́dọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ ní abala kẹta. Bí ó bá parí ní ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá abala náà, tíkẹ́ẹ̀tì yín ti já.