Ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ bàbá àgbà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Bàbá bàbá mi fi kẹ̀kẹ́ Raleigh kan sílẹ̀ nílé wa ní Ìṣarà Rẹ́mọ, èyí tí wọ́n fi ń ru obì láti oko lọ sí Ṣágámù nígbà ayé wọn. Àmì iwájú rẹ̀ tí wọ́n kọ Nottingham sí ṣì wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ń yí geere. Mo tún ní ẹ̀rọ amúnáwá kékeré kan, irú èyí tí aráyé ń pè ní “I pass my neighbour”. Apá tí ń mú iná wá lára rẹ̀ ti jóná, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ajórin kan ní àdúgbò wa ní òun lè gé ọ̀pá àárín kẹ̀kẹ́ náà, kí òun sì jó ẹ́ńjìnnì mọ́ ibẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ṣé kí n gbà fún un? (Òǹkàwé yín láti Ìṣarà)

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà fún un. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé bí ayùn bá ti kan ọ̀pá yẹn, kò sí ìmọ̀ràn tí mo lè fún yín mọ́ tí yóò dá a padà sí bí ó ṣe wà. Ẹ ó rí irú ẹ́ńjìnnì yẹn rà lọ́jà àlòkù nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́. Férémù tí ó ru obì Rẹ́mọ fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tí kò ṣẹ́, ibo ni ẹ ó ti rí òmíràn?

Èrò yín fúnra rẹ̀ kò burú rárá. Ní ọdún 1946, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ohun tí Soichiro Honda kọ́kọ́ ṣe ní ìlú Hamamatsu nílẹ̀ Japan nìyẹn: ó kó àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré tí àwọn ológun fi ń mú iná wá fún rédíò wọn, ó sì ń dè wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́. Ibi tí a ó gbé ẹ́ńjìnnì sí àti bí a ó ṣe dè é ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wo oríkèé férémù náà dáadáa. Ẹ ó rí irin kan tí ó bo ẹnu ọ̀pá bí ìbọ̀wọ́. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ki ọ̀pá bọ̀, tí wọ́n sì yọ́ idẹ sí i kí ó lè di ọ̀kan. Idẹ a máa yọ́ kí irin tó yọ́, nítorí náà iná tí wọ́n lò kò pa ọ̀pá náà lára. Iná tí àwọn ajórin wa fi ń ṣe géètì yàtọ̀, irin gan-an ni ó ń yọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá kẹ̀kẹ́ kò tó mílímítà 2 ní ìnípọn. Mo ti ṣe àṣìṣe yìí rí. Mo ní kí wọ́n bá mi jó irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ọ̀pá ìsàlẹ̀ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan tí mo ń tún ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, ojú ìjórin náà sì dára débi pé mo kùn ún lọ́dà, mo sì gbàgbé rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nígbà tí mo ń nù ún, mo rí ìlà ìpẹtà kan tí kò nípọn ju fọ́nrán irun lọ lábẹ́ ọ̀dà, ní ẹ̀gbẹ́ ojú ìjórin náà. Mo fi èékánná ha á, ọ̀dà náà sì ṣí: ọ̀pá ti là yí ká tó ìdajì. Ọpẹ́ ni pé ilé ni mo wà, n kò sí lórí eré.

Ká tilẹ̀ ní ẹ kò gé nǹkan kan, àárín férémù kò gba ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀. Ó fẹ̀ jù, ẹsẹ̀ tí ń wa pẹ́dà yóò máa gbá a, ọ̀pá bíréèkì ẹ̀yìn tí ó gba ara ọ̀pá ìsàlẹ̀ kọjá yóò sì dí i lọ́wọ́. Ìṣirò rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn kí ó máa yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí pé òun ni yóò mú iná tí ilé wa ń lò wá. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ oní-ínṣì 28 máa ń rin nǹkan bí mítà 2.2 bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ máa sá kìlómítà 25 ní wákàtí kan, ẹsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ yí ní nǹkan bí ìgbà 190 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì yóò yí tó ìgbà 16 kí ẹsẹ̀ tó yí ẹyọ kan. Bí eyín tí ń fa ṣéènì bá jẹ́ 10 lára ẹ́ńjìnnì, yóò jẹ́ 160 lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kò sì sí irú rẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ lè gbé. Ẹ ó wá wá ọ̀pá mìíràn tí yóò máa yí láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ṣéènì méjì, bíárìn àti klọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ohun tí ń já ẹ́ńjìnnì kúrò lára ẹsẹ̀ tí ó sì tún ń so wọ́n pọ̀, torí jẹnẹrétọ̀ kò ní klọ́ọ̀ṣì rárá.

Àwọn kan yóò ní kí ẹ lọ ra ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà fún kẹ̀kẹ́, èyí tí klọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tó náwó, ẹ ka sípóòkì yín. Bóòtù 9 ni wọ́n fi ń de eyín ṣéènì rẹ̀ mọ́ àárín sípóòkì, ẹsẹ̀ oní-sípóòkì 36 sì ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ sábà máa ń ní 32 níwájú àti 40 lẹ́yìn. Ẹ ó rí i pé 9 kò pín 40 gẹ́gẹ́.

Róólà ni èmi yóò lò. Bí kẹ̀kẹ́ VéloSoleX tí àwọn ará Faransé bẹ̀rẹ̀ sí tà ní 1946 ṣe ń rìn nìyẹn: ẹ́ńjìnnì ń yí róólà kan tí ó tẹ táyà iwájú, táyà náà sì ń yí. Tiyín yóò wà lórí táyà ẹ̀yìn. Ẹ fi bóòtù de irin pẹlẹbẹ tí ó ní ìdè bí ti ilẹ̀kùn mọ́ káríà, kí ẹ fi rọ́bà sí gbogbo ibi tí irin ti kan férémù, kí ẹ sì ṣe ọ̀pá kan tí ọwọ́ yín lè fi gbé ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà. Gbígbé e sókè yẹn ni klọ́ọ̀ṣì yín. Ẹ fa okùn kí ẹ́ńjìnnì dáhùn, ẹ wa pẹ́dà títí kẹ̀kẹ́ yóò fi máa sáré díẹ̀, kí ẹ wá sọ róólà kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, kí wọ́n gbẹ́ róólà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4, kí ihò rẹ̀ bá ẹnu ọ̀pá ẹ́ńjìnnì mu, kí ara rẹ̀ sì rí ṣákaṣàka. Ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, yóò gbé yín lọ ní kìlómítà 22 sí 23 ní wákàtí kan. Kí ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wo apá ibi tí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ń yí sí, nítorí pé bí táyà yóò bá yí síwájú, róólà tí ó lé e lórí gbọ́dọ̀ máa yí sẹ́yìn. Bí ó bá yí sí òdì, ẹ dojú ẹ́ńjìnnì kọ apá kejì. Ẹ má ṣe tú ìbòrí fáànù rẹ̀ dànù, torí òun ni ó ń tù ú lára. Ẹ ṣe okùn ìgbaná rẹ̀, ìyẹn èyí tí ẹ ó máa fà kí ẹ́ńjìnnì lè sáré sí i, kí ó lè padé fúnra rẹ̀ bí ẹ bá tú ọwọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé bọ́tìnì tí ń pa á sórí hándù.

Èyí tí ó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni bíréèkì. Ọ̀pá irin ni ó ń fa rọ́bà rẹ̀ sókè sí inú ríìmù, irin sì ni ríìmù náà. Bí ó bá gbẹ, ó ń mú dáadáa. Bí ó bá tutù, ńṣe ni rọ́bà yóò máa yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ da omi sí ríìmù méjèèjì, ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ sì ní kí ẹnìkan ti kẹ̀kẹ́ náà. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni yóò ṣẹlẹ̀ lójú òjò. Ẹ ra rọ́bà tuntun kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn, ẹ má ṣe gbé e jáde nígbà òjò, torí róólà náà a máa yọ̀ bí táyà bá tutù, ẹ má sì gbé e dé ojú ọ̀nà márosẹ̀ láé. Ẹ dé akoto, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ohun tí wọ́n ń fẹ́ lórí kẹ̀kẹ́ oní-ẹ́ńjìnnì.

ÌBÉÈRÈ: Mo ra ẹ́ńjìnnì Ṣáínà tuntun fún kẹ̀kẹ́ mi. Mẹkáníìkì mi ní ọ́ìlì ń ba pulọ́ọ̀gì jẹ́, nítorí náà ìdérí ìgò kan péré ni mo ń dà sínú epo. Ó ti há báyìí. Kí ló fà á? (Òǹkàwé láti Ìjẹ̀bú-Igbó)

ÌDÁHÙN: Àìtó ọ́ìlì ni. Irú ẹ́ńjìnnì yìí kò ní ibòmíràn tí ọ́ìlì ń gbà wọlé. Èyí tí ẹ bá pò mọ́ epo nìkan ni ó ń dé ara písítìnì àti bíárìn. Nígbà tí ó bá ṣì jẹ́ tuntun, ẹ po ìdá mẹ́rin lítà kan, ìyẹn mílílítà 250, mọ́ epo lítà 4. Bí ó bá ti mọ́ra, ẹ lè fi ìwọ̀n ọ́ìlì kan náà po lítà 5. Ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún irú ẹ́ńjìnnì yìí ni kí ẹ lò, inú kẹ́ẹ̀gì sì ni kí ẹ ti pò ó, kí ẹ mì ín dáadáa kí ẹ tó dà á sínú táǹkì. Pulọ́ọ̀gì tí ó bá dúdú, ẹ nù ún, kí ẹ dá a padà.