Iná Ti Lọ, Aago Ṣì Ń Tàn

Ẹ BI BÀBÁ ALÁAGO: lóṣooṣù ni àgbà aláago kan ní Mushin máa ń dá àwọn òǹkàwé wa lóhùn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Peckham ni mo ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá mi á pé ọmọ ọdún 70 lóṣù Kejìlá. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n ní Rolex Datejust kan tí àwọn olè gbà lọ́wọ́ wọn lójú ọ̀nà Ìbàdàn, títí dòní wọn ò yéé sọ ọ́. Mo wá rí irú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: 1601 ni nọ́ńbà irú rẹ̀, ọdún 1972, £950. Ẹni tó ń tà á ní bàbá-bàbá òun ló fi í sílẹ̀. Ó ní sapphire ni gíláàsì rẹ̀, kì í ha. Ó ń tàn rokoṣo lóru. Téèyàn bá fa orí tí wọ́n fi ń yí i síta díẹ̀, déètì á máa yí kíákíá. Gíláàsì sì ni ẹ̀yìn rẹ̀, èèyàn ń rí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ní ẹlòmíì ti fẹ́ sanwó, kí n tètè ṣe. Ṣé kí n rà á? — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Lọ́ńdọ̀nù.

ÌDÁHÙN: Ọmọ Ìjẹ̀bú, má rà á. Ohun mẹ́rin tí ọkùnrin yẹn fi polówó ọjà rẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló tú u láṣìírí. Ká ní ó dákẹ́ ni, ì bá yọ mí lẹ́nu díẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí èmi náà ṣe jìn sí irú kòtò yìí, kó o má baà rò pé mò ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún 2014 ni. Oníbàárà mi kan fẹ́ Rolex Submariner 5513, ó ní kí n bá òun wá a nítorí pé ojú mi là sí i ju tòun lọ. Mo rí ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹni tó ń tà á sọ pé ọdún 1970 ni wọ́n ṣe é. Owó rẹ̀ fi díẹ̀ rẹlẹ̀ sí tọjà, kò rẹlẹ̀ débi tó fi máa mú èèyàn fura. Mo san án. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló dé ṣọ́ọ̀bù mi. Mo gbé e sábẹ́ iná tábìlì, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀: ẹ́ńjìnnì 1520 tó yẹ kí n bá níbẹ̀ náà ló wà níbẹ̀. Mo tú ṣéènì rẹ̀, mo wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó bá ọdún mu. Inú mi dùn, mo ti ń súfèé. Ni NEPA bá mú iná lọ.

Ṣọ́ọ̀bù ṣókùnkùn biribiri. Lórí tábìlì mi, gbogbo àmì ojú aago yẹn ń wò mí bí ojú ológbò, àwọ̀ rẹ̀ rí bí ewé tútù, ó tún ń dán. Mo jókòó tì í. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ó ṣì ń wò mí. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, aago yìí mà rẹwà o!" Mi ò dá a lóhùn.

Ìdí rèé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 títí di nǹkan bí ọdún 1998, tritium ni Rolex fi ń kun àmì ojú aago kó lè tàn lóru. Tritium sì máa ń rẹ̀ ni. Bó bá ti pé ọdún 12 àti oṣù díẹ̀, ìdajì rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ọdún 12 mìíràn, ìdajì ìyókù tún lọ. Láti ọdún 1972 sí àkókò yìí, ó ti dá sí méjì lẹ́ẹ̀mẹrin. Bó bá jẹ́ 16 nígbà tí wọ́n kùn ún, ẹyọ 1 ló kù níbẹ̀. Tó o bá gbé e sábẹ́ iná tó mú dáadáa, ó lè mọ́ fìrí, àmọ́ kò ní pẹ́ tí yóò fi kú, bí àtùpà tí epo inú rẹ̀ ti gbẹ. Aago àtijọ́ tó bá ń tàn rokoṣo lóru, ẹnì kan ti tún un kùn, tàbí kí ojú yẹn máà jẹ́ ojú tí wọ́n bí i mọ́ rárá.

Ojú tiwa yìí, tuntun ni. Ara ojúlówó, ẹ́ńjìnnì ojúlówó, ojú ayédèrú. Bẹ́ẹ̀ ojú yẹn gan-an ni apá tó pọ̀ nínú owó Submariner àtijọ́ wà. Mo padà lọ wo fọ́tò tí mo fi rà á. Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ 6, SWISS MADE ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni SWISS – T<25, nítorí T yẹn ló dúró fún tritium. Lẹ́tà tí kò tó èèrà. Ó wà nínú fọ́tò látìbẹ̀rẹ̀, owó ni mò ń wò. Ẹni tó tà á fún mi kò fèsì mọ́. Mo dá owó oníbàárà mi padà látinú àpò ara mi, oṣù kẹta sí i ni ìyàwó mi tó gbọ́.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ orí ni mò ń wò lára aago, kì í ṣe ẹwà. Aago àtijọ́ dà bí ẹgbẹ́ tó kó aṣọ ẹbí jọ. Gíláàsì, ojú, ọwọ́, ẹ́ńjìnnì, ṣéènì: ọdún kan náà ló yẹ kí gbogbo wọn ti jáde. Bí ọ̀kan bá wọ ẹ̀wù mìíràn wá láàárín wọn, ẹni tó pè é wá ló yẹ kó ṣàlàyé. Ayédèrú látòkè délẹ̀ kì í pẹ́ hàn sí aláago. Àdàlù ló ń pa wá: ara aago kan, ojú èkejì, ọwọ́ ẹ̀kẹta, wọ́n wá kó o pọ̀ bí ẹbọ oríta.

Ó yá, padà sí tìrẹ. Ti iná òru, mo ti wí. Ti gíláàsì ńkọ́? Datejust 1601 kò ní sapphire rí. Acrylic ló wà lórí rẹ̀, irú rọ́bà líle kan tó ń dán bíi gíláàsì, ó sì máa ń ha gan-an. Tó bá ha, àwa aláago á fi ọṣẹ ìdán nù ún, yóò tún mọ́. Ẹ̀yìn onígíláàsì? Irin lásán ni ẹ̀yìn Datejust ayé ìgbà yẹn, wọn ò kọ nǹkan kan sí i níta. Inú rẹ̀ ni ìkọ̀wé wà, ìwọ tó o wọ̀ ọ́ kò ní rí i.

Ti déètì yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Ọdún 1977 ni Rolex gbé ẹ́ńjìnnì 3035 jáde, ìgbà yẹn ni déètì Datejust tó lè dá yí láìgbé ọwọ́ aago lọ. Ti 1601, àfi kó o máa yí ọwọ́ aago kọjá agogo méjìlá òru fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bi bàbá rẹ láìjẹ́ kí wọ́n fura. Sọ pé, "Bàbá, aago yín ìjọ́sí, báwo lẹ ṣe ń yí déètì rẹ̀ tóṣù bá parí?" Tó bá jẹ́ 1601 ni wọ́n ní lóòótọ́, wọ́n á fi ọwọ́ ṣe é fún ọ: ìka àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, wọ́n á máa yí i, wọ́n á máa yí i. Ọwọ́ kì í gbàgbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé tí ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá bá ti ń yọ́ lọ, ojúlówó ni, tó bá ń fò tá-tá-tá, ayédèrú ni. Má dá wọn lóhùn. Ayédèrú olówó pọ́ọ́kú ń yọ́ lọ nísinsìnyí. Rolex fúnra rẹ̀ sì ṣe aago oníbátìrì kan tó ń jẹ́ Oysterquartz láti ọdún 1977, tá-tá-tá ni í fò.

Bó o bá tún rí òmíràn, fọ́tò inú ni kó o kọ́kọ́ béèrè. Kó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kó ya ẹ́ńjìnnì; 1570 lo máa rí níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1575 ni àwọn oníwèé ń pè é. Kó tú ṣéènì, kó ya ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: nọ́ńbà irú aago náà wà lápá 12, nọ́ńbà tirẹ̀ gan-an wà lápá 6, ti ọdún 1972 á jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta. Ìkọ̀wé rẹ̀ máa ń mú, ó ń kọ mọ̀nà tí iná bá kàn án. Tó bá rí ràkọ̀ràkọ̀ bí ìgbà tí ásíìdì jẹ ẹ́, sá. Ṣéènì Datejust tí wọ́n ń pè ní Jubilee, ti ayé ìgbà yẹn, inú rẹ̀ ṣófo, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣẹ́ po ni. Lẹ́yìn 50 ọdún ó yẹ kó ti dẹ̀, kó máa tẹ̀ bí ọrùn adìẹ. Tó bá le gbagidi, ṣéènì mìíràn ni. Ìyẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ kó sọ ọ́, kó sì dínwó.

Ní kó kọ déètì òní sórí bébà, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, kó yà á. Kó o tún fi Google Lens wá fọ́tò rẹ̀ bóyá ara ẹlòmíì ló ti jí i. Má bá ẹnikẹ́ni kúrò lórí ojúlé títà lọ sí WhatsApp láti lọ sanwó. Chrono24, ojúlé tí wọ́n ti ń ta aago, máa ń di owó mú títí aago á fi dé ọwọ́ rẹ, eBay náà ní ètò tí àwọn aláago fi ń yẹ èyí tó wọ́n wò kó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Tó bá sì dé, gbé e lọ fún aláago ní Hatton Garden ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀ kí ọjọ́ ìdápadà tó pé. Ní ti £950, kò sẹ́ni tó ń ta ewúrẹ́ ní owó adìẹ nítorí pé bàbá-bàbá rẹ̀ kú.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, Omega Speedmaster àtijọ́ kan wà lórí Facebook tí mò ń fojú sí. Ìwé rẹ̀ pé, páálí rẹ̀ náà wà. Tí ìwé bá ti wà, ṣé ọkàn mi lè balẹ̀? — Tíṣà, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ìwé rọrùn láti tẹ̀ ju aago lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, wọ́n ta Speedmaster CK2915-1 kan ní gbàǹjo ní Geneva. Irú èyí tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1957 ni, ó sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta owó Switzerland tí wọ́n rà á. Omega alára ló rà á, fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn. Nígbà tó di ọdún 2023, Omega jáde wá sọ pé àdàlù ni, ara aago oríṣiríṣi ni wọ́n kó jọ, àti pé mẹ́ta nínú àwọn tó ti bá àwọn ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ̀ sí i. Ẹni tó bí ọmọ ni wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ tà fún.

Ní kó ya nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì fún ọ, kó o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti inú ìwé. Tí kò bá bára mu, ó tán. Tó bá bára mu, ìgbà yẹn ni kó o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wo aago.

ÌBÉÈRÈ: Alàgbà, mo kí yín láti Abẹ́òkúta. Olóògbé ọkọ mi fi Omega Constellation kan sílẹ̀, wọ́n ní ọdún 1966 ni àwọn rà á. Ọmọ mi gbé fọ́tò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé a fẹ́ tà á. Ọkùnrin kan pè wá, ó ní ayédèrú ni nítorí pé kò sí nọ́ńbà kankan níta rẹ̀, àti pé ojú rẹ̀ tẹ̀ wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àwo. Ó ní àánú wa ló ṣe òun, òun á fún wa ní ₦40,000. Kí lẹ rí sí i? — Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá, Màmá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.

Ohun tí ọkùnrin yẹn ń pè ní àléébù yẹn ni àwọn tó mọ Constellation máa ń wá kiri. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní ayé ìgbà náà, ojú rẹ̀ dà bí àwo tí a dojú rẹ̀ dé: àárín yọ sókè, ẹ̀gbẹ́ ṣẹ́ sísàlẹ̀ ní igun méjìlá yíká. Omega kì í sì í kọ nọ́ńbà aago síta nígbà yẹn. Ara ẹ́ńjìnnì ló ń wà. Ẹ yí aago náà dé, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó yẹ kẹ́ ẹ rí ilé kékeré kan tí orí rẹ̀ rí ródódó, ilé tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀ ni, ìràwọ̀ 8 sì wà lójú sánmà lókè rẹ̀. Ẹ kà á, 8 ni.

Ẹ má fi ọ̀bẹ ṣí i o. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi nǹkan nu ojú rẹ̀ kó lè mọ́. Àwọ̀ tó ti ṣá yẹn, ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀ ni, ẹni tó bá tún un kùn ti jẹ púpọ̀ nínú owó rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ aláago àgbà kan ládùúgbò yín, kí ó ṣí i níṣojú yín, kẹ́ ẹ jókòó tì í. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bíi bàbà tuntun, wọ́n á kọ Omega sí i, nọ́ńbà á wà lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ya gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá sọ iye tó yẹ kẹ́ ẹ máa retí fún yín. Kò sí ohun tó ń lé yín.

Ẹni tó ní kẹ́ ẹ gba ₦40,000 yẹn, tó bá tún pè, ẹ bá mi bi í pé kí ló fẹ́ fi ayédèrú ṣe.