Irin gbọ́dọ̀ kan bọ́ọ̀lù kó tó kan ilẹ̀

Ẹ ní tí ẹ bá ń gbá gọ́ọ̀fù, bó bá ti ku bí ogún mítà kí ẹ dé gíríìnì, ibi koríko kúkurú tí ihò wà, irin orí ọ̀pá yín á wa ilẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, tàbí kó gbá a lórí, kó sì ré gíríìnì kọjá. Ẹ pẹ̀lẹ́. Àrùn kan náà ni méjèèjì. Ọdún mẹ́ta ló fi bá mi jà.

Ohun tó ń fà á ni pé a fẹ́ fi ọwọ́ ara wa gbé bọ́ọ̀lù sókè. A ó fì sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọwọ́ á yí bí ẹni ń fi ìgbákọ bu àmàlà, irin á sì kan ilẹ̀ kó tó dé ìdí bọ́ọ̀lù. Bẹ́ẹ̀ ojú sand wedge, ọ̀pá tí a fi ń gbé bọ́ọ̀lù sókè, ti dagun tó digirí 56. Dídagun yẹn ló ń gbé bọ́ọ̀lù.

Kádì àgbà kan, ẹni tó ń bá wa ru ọ̀pá, ló là mí lójú. Ó fi ìka fa ìlà sínú yanrìn, ó ní kí n dúró kí ìlà wà láàárín ẹsẹ̀ mi, kí n máa fì ọ̀pá láìsí bọ́ọ̀lù, kí irin máa kan yanrìn níwájú ìlà, níhà ibi tí mò ń gbá a sí. Nínú ogún, mẹ́ta péré ló bọ́ síbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ojú mi kọ́ ni ìṣòro, ẹsẹ̀ mi ni.

Ẹ súnmọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ fi ara lé ti òsì, kó sì wà níbẹ̀ títí bọ́ọ̀lù á fi lọ. Àyà ni kó yí síbi tí ẹ ń gbá a sí. Àwọn kan á ní kí ẹ ti ọwọ́ síwájú gan-an. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí, irin ń ri mọ́lẹ̀ bí ọkọ́, pàápàá nígbà òjò. Ìdí wedge ní ikùn, ikùn yẹn ló yẹ kó yọ̀ lórí koríko. Àmọ́ nígbà ọyẹ́ tí ilẹ̀ bá le koko, ikùn náà á ta padà. Irin 8, ọ̀pá tí ojú rẹ̀ kò dagun tó ti wedge, ni mo máa ń mú nígbà náà, mo ń gbá a bí ẹni lo putter, ọ̀pá tí a fi ń yí bọ́ọ̀lù nílẹ̀ lórí gíríìnì.

Nílé, ẹ ká aṣọ ìnura kékeré sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan jìnnà sí i. Tí irin bá kan aṣọ, ẹ má tún ọwọ́ ṣe. Ẹsẹ̀ òsì ni kí ẹ wò, ara ti kúrò lórí rẹ̀.