Ṣé controller (ohun tó ń darí súìṣì) méjì ni converter alọ-àbọ̀ ọkọ̀ oníná, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé iná wọ bátìrì tó sì ń gbé e jáde, nílò, ọ̀kan fún gbígba iná, ọ̀kan fún dídá a padà?

Rárá, ẹyọ kan tó. Bí ó bá jẹ́ half-bridge (súìṣì méjì tí a tò tẹ̀léra) tí súìṣì rẹ̀ méjèèjì ń ṣe pàṣípààrọ̀, tí ọ̀kan ń kú bí èkejì bá ti tàn, kọ́rẹ́ǹtì inú inductor (wáyà kíká inú rẹ̀) lè gba ọ̀nà méjèèjì. Àmì iye kọ́rẹ́ǹtì tí o béèrè lọ́wọ́ PI (controller tó ń wo àṣìṣe ìsinsìnyí àti àkójọ àṣìṣe, ìyẹn integral) ló máa pinnu: +20 A, bátìrì ń gba iná, −20 A, ó ń dá a padà. Controller méjì tí wọ́n ń pààrọ̀ ló sábà máa ń mú kí kọ́rẹ́ǹtì ta gìrì, torí integral èyí tó ń sinmi ti kún sílẹ̀.

Tí o bá tún fẹ́ di fóltì ìlà DC (apá kejì converter, tí kì í ṣe ti bátìrì) mú, fi PI mìíràn síta tí yóò máa sọ iye kọ́rẹ́ǹtì fún ti inú, kó lọ́ra tó ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́wàá ju ti inú lọ. Má kánjú níbẹ̀ o: bí bátìrì bá ń ti iná lọ sí fóltì tó ga jù ú lọ, fóltì náà a kọ́kọ́ rẹlẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè. PI tó bá yára jù á kàn máa mì ni.

Tí o bá ń dán an wò lórí kọ̀ǹpútà, fi averaged model (àwòṣe tó ń lo ìpíndọ́gba dípò títan-pípa súìṣì) ṣètò gain (agbára ìdáhùn PI) kí o tó gbé súìṣì gidi wọlé. Ní 20 kHz, ìyípo kan jẹ́ 50 µs. Time step (ìṣísẹ̀ àkókò ìṣirò) 0.5 µs dára. Fi dead time (àkókò kúkúrú tí súìṣì méjèèjì fi ń kú pọ̀) sí i pẹ̀lú.