Bluebell Kì Í Dúró De Oṣù Kẹfà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní bluebell, òdòdó igbó aláwọ̀ búlúù, máa ń bo ilẹ̀ igbó Lesnes Abbey tó wà nítòsí wa ní London níbí. Mo kó àwọn ọmọ lọ lóṣù kẹfà, ewé àti òjìji nìkan la bá. Ìgbà wo ló yẹ ká lọ? Ṣé àwọn ọmọ lè wọ àárín òdòdó ya fọ́tò? — Ìyá Ìbejì, Thamesmead

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ ti pẹ́ jù ni. Bluebell ń bá àwọn igi du oòrùn ni. Kí igi tó rúwé tán, ìmọ́lẹ̀ ṣì ń kan ilẹ̀, ìgbà yẹn ló fi ń jẹun. Tí ewé bá ti pàdé lókè, òdòdó á rọ, ewé rẹ̀ náà á kú, oúnjẹ tó bá rí kó pamọ́ sínú iṣu rẹ̀, tó dà bí àlùbọ́sà kékeré, ni yóò gbé e dé ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹrin sí ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù karùn-ún. Bí òtútù bá pẹ́ kó tó lọ, ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ kan kún un. Daffodil igbó, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tó kéré sí ti ọjà, ti máa ń yọ níbẹ̀ láti oṣù kẹta.

Ní ti wíwọ àárín òdòdó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́. Ewé tí a bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í lè bọ́ iṣu mọ́, ojú ibẹ̀ sì lè lo ọdún mélòó kan láìtanná. Irúgbìn rẹ̀ gan-an ń gbà tó ọdún 5 kó tó yọ òdòdó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lóṣòó sójú ọ̀nà níbi tó bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́, kí ẹ̀yin náà bẹ̀rẹ̀ títí fóònù yóò fi bá orí òdòdó dọ́gba. Òdòdó á wà níwájú wọn, á wà lẹ́yìn wọn, àárín rẹ̀ gan-an ni wọn yóò dà bí ẹni tó wà.

Ẹ má hú u lọ sílé o: òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1981 lòdì sí híhú ewéko igbó láìgba àṣẹ onílẹ̀.

Ojúlówó bluebell ilẹ̀ yìí máa ń tẹrí ba sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń ta sánsán, ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sì funfun bí ògì. Bluebell ti Spéìn, tó ń sá jáde látinú ọgbà àwọn èèyàn, máa ń nàró, ìyẹ̀fun tirẹ̀ sì jẹ́ búlúù.

Májèlé wà ní gbogbo ara bluebell, kí àwọn ọmọ fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun. Ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn bọ inú ìbọ̀sẹ̀ nítorí eégbọn. Tí ẹ bá délé, ẹ yẹ abíyá àti ẹ̀yìn orúnkún wọn wò.